Ìjókòó Ẹnìkejì Lórí Alùpùpù Ẹnjiníà Fọlárìn

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìdí yín ṣe rí gan-an, láìsí ẹ̀tàn àti láìsí àpọ́nlé, ẹ lọ bá Ìyá Sherifdeen ní Ìsọlọ̀. Ṣùkúrátù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ìjókòó alùpùpù ló sì ń rán jẹun. Kò gba téèpù gbọ́ rárá. Ó ní téèpù máa ń bo èèyàn láṣìírí. Báàfù ńlá kan ló ní, inú rẹ̀ ló máa ń bu yanrìn tútù sí, á tẹ́ ọ̀rá lé e, á ní kí oníbàárà jókòó. Tí oníbàárà bá ti dìde, á bẹ̀rẹ̀ wo ojú ibi tó wọnú yanrìn, á sì sọ ohun tó rí sókè kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́: "Ẹ̀yin, apá òsì lẹ máa ń fì sí. Ẹ ti ń jókòó jù, ẹ máa rìn." Mo ti rí ọ̀gá báńkì kan láti Àgọ́ Palace tó sá kúrò níbẹ̀, tí kò dúró gbọ́ tirẹ̀ tán.

Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tirẹ̀. Mò ń tẹ ìwé, mò ń ṣe fọ́tókọ́pì, mo sì ń fi ọ̀rá bo sátífíkéètì kí òjò má bàa pa á. Ajíbọ́lá ni orúkọ mi. Ìyá Sherifdeen ń pè mí ní Táípísì. Mo ti sọ fún un lọ́pọ̀ ìgbà pé mo ní orúkọ, ó ní òun mọ̀.

Òfin kan ṣoṣo ló ní nínú iṣẹ́ rẹ̀: ìjókòó tí kò bá gba ju ẹnìkan lọ kò gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ òun jáde. Láyé ìgbà tí ọ̀kadà ṣì ń ná Ọ̀ṣòdì sí Ìsọlọ̀, ìjókòó tirẹ̀ ló gùn jù. Ọlọ́kadà á gbé ìyá, á gbé ọmọ, á gbé àpò gààrí, òun alára á sì tún rí ibi fìdí lé. "Kí lèèyàn fẹ́ fi alùpùpù ẹlẹ́nìkan ṣe?" ló máa ń bi wá. "Ṣé ó ń bá ara rẹ̀ jà ni?"

Nígbà tó yá, ìjọba fòfin de ọ̀kadà ní agbègbè wa, ọjà rẹ̀ sì gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó wá ń rán ìjókòó kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ó ń tún àga pálọ̀ ṣe, ó sì ń rán tìmùtìmù tí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì fi ń kúnlẹ̀. Àwọn tó ń fi alùpùpù kó ẹrù kiri ṣì wà lójú títì, ṣùgbọ́n kò ka ìyẹn sí. Ó ní àpótí ni wọ́n ń gbé, àpótí ò sì ní ìdí. Ó lé lọ́dún méjì tí kò fọwọ́ kan ìjókòó alùpùpù. Kò ráhùn, ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì alùpùpù kan bá dún lójú ọ̀nà ńlá, á gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, á tẹ́tí títí ariwo náà á fi lọ. Ó máa ń dùn mí. N kò jẹ́ sọ fún un o, nítorí ẹni tó bá káàánú Ìyá Sherifdeen níṣojú rẹ̀ ti ra èébú.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi wá ṣe fọ́tókọ́pì ìbéèrè ìdánwò. Adéfúnmiláyọ̀ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé gíga kan, Àjàó Estate ló ń gbé. Ó ti lé ní ọmọ ọgọ́ta ọdún, ó ti yẹ kó fẹ̀yìn tì láti ọdún kan sẹ́yìn, ilé-ìwé aládàáni ni kò jẹ́ kó sinmi. Obìnrin tí ojú rẹ̀ le ni. Mo rọra ń ka bébà sọ́tùn-ún bí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń ṣọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "wọ́n ní ẹnìkan ń rán ìjókòó alùpùpù nítòsí ibí."

N kò tíì lahùn tí Ìyá Sherifdeen fi dé. Àárín ṣọ́ọ̀bù wa kò ju pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lọ, etí rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. "Èmi nìyẹn, mà. Ẹ káàbọ̀, mà. Alùpùpù wo ni?"

Adéfúnmiláyọ̀ fi fóònù rẹ̀ hàn wá. Ẹ gbà mí gbọ́, alùpùpù náà rẹwà. Dúdú ni, ó ń dán bí epo. Wọ́n fi ọwọ́ fa ọnà pupa àti wúrà yí táńkì rẹ̀ ká, ọwọ́ ìdarí rẹ̀ yọ sókè bí ìwo màlúù, páìpù èéfín rẹ̀ nípọn tó itan ọmọdé. Ìjókòó kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó kéré, ó tẹ kòtò. Ẹ̀yìn rẹ̀, mọ́dígáàdì lásán ló kù, ó ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́.

"Ìjókòó kejì dà?" Ìyá Sherifdeen bèèrè.

"Kò ní."

"Olè yọ ọ́?"

"Bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é nìyẹn. Ọkọ mi ní límítẹ́ẹ̀dì ẹ̀díṣàn ni. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta péré ni wọ́n ṣe ní gbogbo ayé, wọn ò sì ní ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ó ní a ò gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan kún un, a ò gbọ́dọ̀ yọ nǹkan kan kúrò."

Obìnrin náà wá jókòó sórí àga mi, ó ro ẹjọ́. Ẹnjiníà Fọlárìn ni ọkọ rẹ̀, àwọn ẹ́ńjìnnì ńláńlá tó ń gbé iná fún pápákọ̀ òfurufú ló ń tún ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra, alùpùpù Suzuki kékeré kan ló ní, gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ló sì máa ń fi gbé e láti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Adó. "Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ̀ dáadáa, kí n tó mọ ojú rẹ̀," ó ní. Oṣù mẹ́sàn-án rèé tó ti ra tuntun yìí. Bí obìnrin náà bá ti lọ síbi iṣẹ́, Ẹnjiníà á gbéra. Bó ti wí lónìí pé òun dé Bàdágrì, á ní Ẹ̀pẹ́ lòun dé lọ́la.

"Tí mo bá ní kó gbé mi, á ní, 'Ibo lo fẹ́ jókòó sí?' Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà nílé ọkùnrin yìí, Ìyá Sherifdeen. Ó wá lọ ra ohun tí kò ní àyè fún mi." Ó yí ojú sí ìbéèrè ìdánwò tó wà níwájú rẹ̀, ó ń tò ó.

Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Ti Ìyá Sherifdeen gba ọ̀nà mìíràn. Inú bí i ni. Ó dúró, ó ń mí túfúù. "Ilé-iṣẹ́ wo ló máa sọ pé obìnrin ò gbọ́dọ̀ jókòó ti ọkọ ẹ̀? Mà, ẹ máa jókòó sẹ́yìn Ẹnjiníà. Kí n tó gbà pé ó di ẹlẹ́nìkan, màá kúkú lọ máa ta ẹ̀pà. Ẹ bọ́ síbí, ẹ wá jókòó sínú yanrìn."

"Sínú kí ni?"

Báyìí ni igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé ṣe jókòó sínú báàfù yanrìn lójú pópó, pẹ̀lú àpò ọwọ́ rẹ̀ lórí itan, ojú rẹ̀ sì le kankan bí ẹni pé àpéjọ àárọ̀ ló wà. Nígbà tó dìde, Ìyá Sherifdeen wo yanrìn náà pẹ́. "Ìdí olùkọ́ nìyí," ó ní. "Ó dúró déédéé. Kò ní yọ̀."

Iṣẹ́ kù síbì kan: bí a ṣe máa wọn alùpùpù náà tí olówó rẹ̀ ò ní fura. Àwọn obìnrin méjèèjì forí korí, wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Adéfúnmiláyọ̀ sọ fún ọkọ rẹ̀ pé àga pálọ̀ ti ya, òun ti pe ẹni tó máa rán an. Òótọ́ ni pé àga ti ya. Ohun tí kò fi kún un ni pé òun fúnra rẹ̀ ló fi abẹ ya á nígbà tí Ẹnjiníà ń wẹ̀. Èmi ni mo ru fóòmù tẹ̀lé Ìyá Sherifdeen. Ẹnikẹ́ni ò bi mí bóyá mo fẹ́ lọ.

A bá Ẹnjiníà Fọlárìn nínú ọgbà. Ọkùnrin gíga ni, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun. Oòrùn ń ran bí nǹkan míì, síbẹ̀ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ ló wọ̀. Ó fi aṣọ ibùsùn olódòdó bo alùpùpù náà, ó dúró tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn. "Ẹ káàárọ̀ o. Pálọ̀ ni kẹ́ ẹ gbà lọ," ó ní. "Ẹ má súnmọ́ apá ibí."

Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ti ká etí aṣọ náà sókè, Ìyá Sherifdeen sì ti rí irin pẹlẹbẹ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì. Wọ́n fín 147 sí i lára, wọ́n fa ìlà, wọ́n wá fín 500. Mo rí i tí ojú rẹ̀ là.

"Haa! Ẹnjiníà!" Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sún mọ́ ọn. "Ẹ ò sọ fún wa pé ọmọ ẹgbẹ́ ni yín! Nọ́ńbà mẹ́tàdínláàádọ́jọ! Ọ̀kadà ṣì ń lọ lábẹ́lẹ̀ ni? Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò ní sọ fún táásìkì fọ́ọ̀sì tó ń mú ọlọ́kadà. Yúnìtì wo lẹ wà? Ta ni ṣíámáànì yín?"

Mo fi Ọlọ́run búra, kò fi ṣàwàdà. Gbogbo ọ̀kadà tó rán ìjókòó fún láti ogún ọdún ló ní nọ́ńbà ẹgbẹ́ lára, kò sì mọ ìdí mìíràn tí èèyàn fi ń kọ nọ́ńbà sí alùpùpù. Irùngbọ̀n Ẹnjiníà ń gbọ̀n.

"Ọ̀kadà? Èmi? Ọ̀kadà?" Ó fa aṣọ náà kúrò pátápátá. "Ẹ wá wò ó! Ẹ wá wò ó dáadáa! Ṣé ọ̀kadà nìyí?"

Nǹkan tí a bá wá náà nìyẹn. Ọkùnrin náà wá ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní àwọn òyìnbó mìíràn máa ń ra alùpùpù, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì, wọ́n á fi ọdún mẹ́ta pààrọ̀ páìpù, pààrọ̀ táńkì, kó lè dá yàtọ̀. Ó ní eléyìí, ilé-iṣẹ́ fúnra wọn ló ti dá gbogbo àrà náà sí i kó tó jáde, wọ́n ka iye tí wọ́n ṣe, wọ́n sì fín nọ́ńbà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ẹni tó fa ọnà ara táńkì yẹn, ọwọ́ ló fi fà á.

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta péré," Ìyá Sherifdeen ń mi orí. "Garáàjì Ọ̀ṣòdì nìkan ní ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà kan." Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń fi ìborùn rẹ̀ nu eruku tí kò sí lára mọ́dígáàdì. Ó nù ún lóòró, ó ta kókó sí ìborùn. Ó nù ún níbùú, ó tún ta kókó. Ó kúnlẹ̀, ó ní òun fẹ́ rí àrà tí wọ́n dá sí abẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ ra ibi tí ẹsẹ̀ ń gbé, ó wo táyà iwájú, ó wo ti ẹ̀yìn. Nígbà tí Ẹnjiníà dé orí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, ìborùn náà ti kún fún kókó.

Nígbà tí a ń padà lọ, ó dákẹ́. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí n kò mọ̀ pé ó lè dákẹ́. Ìgbà tí a jáde ní géètì ńlá ló na ọwọ́ rẹ̀ sí mi. Orí ìka rẹ̀ mẹ́ta dúdú kirikiri.

"Ọ́ìlì ni?" mo bèèrè.

"Pólíìṣì bàtà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ti họ láti abẹ́ títí dé ibi ẹsẹ̀, ó wá fi pólíìṣì bàtà pa á. Ọmọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ti ṣubú, Táípísì." Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Táyà ẹ̀ méjèèjì ló ṣì ní irun."

Bí ẹ kò bá mọ̀, táyà tuntun máa ń ní irun rọ́bà tínínntín lára, ọ̀nà ló sì máa ń fá a dànù. Kò gba ọ̀nà jíjìn rárá. Táyà tó bá dé Bàdágrì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, orí rẹ̀ á ti pá.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. "Ó ń purọ́ fún obìnrin yẹn! Kò jáde rí! Jẹ́ kí n pè wọ́n."

"Gbé ẹnu ẹ sọ́hùn-ún. Ìjókòó ni wọ́n gbé fún mi, wọn ò gbé ẹjọ́ fún mi. Bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Oṣù mẹ́sàn-án péré nìyí. Kí ló ń kán ẹ lójú?"

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí ọjà Aswani máa ń ná, ó lọ ra awọ dúdú kan tó rọ̀ bí etí ewúrẹ́. Ìṣòro tó kù ni bí ìjókòó náà ṣe máa dúró láìsí pé a lu ihò kankan, nítorí ihò kan ṣoṣo lára alùpùpù yẹn, ẹjọ́ dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ó ronú sí i lálẹ́ ọjọ́ kan, kò sùn. Láàárọ̀ ó lọ bá Tẹjúmọ́lá tó ń tún rédíò ṣe, ó ní kó bá òun tú òkú sípíkà mẹ́rin. Òòfà tó wà nínú wọn, tó máa ń fa irin mọ́ra, ló fẹ́. Ó fi ẹ̀gbọ̀n òwú di òòfà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n má bàa ha ọ̀dà, ó rán wọn sí abẹ́ ìjókòó, ó wá rán okùn awọ tó le mọ́ ọn, tó máa gba abẹ́ ìjókòó Ẹnjiníà kọjá.

Ilẹ̀kùn irin ṣọ́ọ̀bù mi ló fi dán an wò. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó ní kí n fà á. Mo fà á títí ilẹ̀kùn fi ké, ìjókòó ò mì. Odidi ọjọ́ mẹ́rin tó fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sí ẹni tí kò bú ládùúgbò. Ó bú èmi, ó bú Tẹjúmọ́lá, ó bú adìyẹ oníadìyẹ. Inú mi dùn, nítorí bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára, ó sì ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú èébú bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Ọjọ́ Ìsinmi ni a gbé e lọ, lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ẹnjiníà wà nínú ilé, ó ń pààrọ̀ aṣọ. Adéfúnmiláyọ̀ ti wọ ṣòkòtò, ó so irun rẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù náà bí ọmọge. Ìyá Sherifdeen gbé ìjókòó lé mọ́dígáàdì. Pàá! ló dún, ó lẹ̀ típẹ́típẹ́. Ó fa okùn rẹ̀ le. Obìnrin náà fẹsẹ̀ kọjá, ó jókòó, ó sì bá a mu bí bàtà tí wọ́n wọn mọ́ni lẹ́sẹ̀.

Ẹnjiníà jáde. "Kí nìyí? Ta ló fọwọ́ kan alùpùpù mi?"

"Èmi ni, sà," Ìyá Sherifdeen ní. "Kò sí ihò kankan. Tẹ́ ẹ bá fà á, á jáde. Àmọ́ èèyàn ti wà lórí ẹ̀ báyìí."

"Ìyá Morọ́lá, sọ̀kalẹ̀."

"Mi ò sọ̀kalẹ̀."

"Kò ní jẹ́ ojúlówó mọ́! Bí wọ́n ṣe ṣe é..."

"Bí wọ́n ṣe ṣe èmi náà nìyí. Gbé mi lọ sí Bàdágrì tí o máa ń lọ."

Ẹnjiníà ní epo ti tán. Adéfúnmiláyọ̀ ṣí ìdérí táńkì, epo kún dẹ́nu. Ó ní òjò ń bọ̀. Gbogbo wa gbójú sókè, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ó ní ẹsẹ̀ ń dùn òun. Nígbà náà ni Ìyá Sherifdeen bẹ̀rẹ̀ síbi táyà iwájú, ó fi èékánná já irun rọ́bà kan, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì fi han Ẹnjiníà, ó kẹ̀yìn sí ìyàwó rẹ̀. "Sà," ó rọra sọ, "ṣé ẹ máa sọ ọ́ fúnra yín ni, àbí kí n bá yín sọ ọ́?"

Ọkùnrin náà wo irun yẹn. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó la ẹnu, bàálù kan sì kọjá lórí wa, gbogbo wa dákẹ́ bí àwọn ará Àjàó Estate ṣe máa ń ṣe, a dúró kí ariwo rẹ̀ lọ. Nígbà tó lọ tán, ohùn Èkìtì pọ́nńbélé ló fi bẹ̀rẹ̀, àfi bí ẹni tí kò gbé Èkó rí. Ó ní òun ò dé Bàdágrì. Ó ní òun ò jáde ní géètì rí. Ọ̀sẹ̀ tó rà á gan-an ló ti wó lé e nínú ọgbà níbí, aṣọ́gbà ló wá bá a gbé e kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ó wúwo, Fúnmi. Ó wúwo jù mí lọ. Kí n tó rà á ni mo ti mọ̀ pé mi ò lágbára bí tàtijọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ó wù mí. Ẹlẹ́nìkan ni mo wá mọ̀ọ́mọ̀ mú. Mo ní tó bá máa pa èèyàn, kó má pa ìwọ. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Mo wo Adéfúnmiláyọ̀, mo rò pé ó máa sunkún.

"Oṣù mẹ́sàn-án!" ló fi bú jáde. "Oṣù mẹ́sàn-án ni mo ti ń dìde ní aago márùn-ún, tí mo ń di ìrẹsì sínú kúlà fún ẹni tó ń lọ sí Ẹ̀pẹ́! Ibo lo ti ń jẹ ẹ́?"

"Nínú garáàjì ilé níbí," Ẹnjiníà dáhùn. "Èmi àti aṣọ́gbà."

Mo ti yí ojú sí ògiri, ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ìyá Sherifdeen fún mi ní ìgbọ̀nwọ́. Ìgbà tí mo yí padà, obìnrin náà ò bínú mọ́. Ó ń wo ọkọ rẹ̀ tó ká jọ sórí àtẹ̀gùn nínú jákẹ́ẹ̀tì aláwọ.

"Bàbá Morọ́lá," ó ní, "dìde, wá gun nǹkan ẹ."

"Mo ní a máa ṣubú."

"Mo gbọ́. Tó o bá máa ṣubú, má dá a ṣubú. Wá."

Ó pẹ́ kó tó dìde. Ó gun alùpùpù náà bí ẹni tó ń gun ẹṣin tí kò mọ̀ rí. Ìyàwó rẹ̀ wọ́ sún mọ́ ọn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a nínú mọ́ra. Ẹnjiníà di ọwọ́ ìdarí mú. "Ìyá Sherifdeen," ó ní, kò sì tijú, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa di ẹ̀yìn mú."

"Mo ti dì í mú, sà." Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó sán an, ó di okùn awọ náà mú lẹ́yìn. Alùpùpù tó wúwo ju màlúù lọ, kí lọwọ́ obìnrin kan fẹ́ ṣe fún un? Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í ṣe ìṣirò. Aṣọ́gbà ṣí géètì. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, wọ́n jáde, wọ́n ń fì sọ́tùn-ún, wọ́n ń fì sósì. Kò yára tó ẹni tó ń rìn lọ síbi òkú. Ìyá Sherifdeen ń sáré lẹ́yìn wọn, èmi náà ń sáré lẹ́yìn rẹ̀, bàtà mi kan ti bọ́. Àwọn ará àdúgbò jáde sí bàlíkónì.

"Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?" Ẹnjiníà ń pariwo, kò jẹ́ wẹ̀yìn.

"Mo wà níbí, sà! Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i!"

Ó tẹ̀ ẹ́. Fífì náà dín kù. Bí wọ́n ṣe kọjá ilé kẹta, mo rí i tí Ìyá Sherifdeen ya ìka rẹ̀ kúrò lára okùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dúró láàárín títì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Alùpùpù náà ń lọ. Ó tọ́ bí ìlà. Adéfúnmiláyọ̀ ti gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀, ó di ojú.

"Ìyá Sherifdeen! Ẹ má fi wá sílẹ̀ o!" Ohùn Ẹnjiníà ti jìnnà.

"Mi ò fi yín sílẹ̀, sà!" ló ké padà, pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. "Mo dì yín mú gírígírí!"

Ó sì jókòó sórí òkúta ẹnu géètì ẹlòmíràn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìró rẹ̀ ró.